Bí imigiréṣọ̀n bá ní kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, àti iye tó máa ná yín

Kí wọ́n dá èèyàn dúró ní ibodè òkè òkun kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti pè é lọ́daràn. Òfin fún òṣìṣẹ́ imigiréṣọ̀n láṣẹ láti bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, kó sì ní kó jókòó sí yàrá kan nígbà tó bá ń wádìí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún lè di wákàtí mẹ́wàá, wákàtí mẹ́wàá lè di ọkọ̀ ìpadàsílé, owó á sì máa lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Èrò ọkọ̀ ló máa ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Àwa tá à ń gbéra láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ohun tó sábà máa ń dá ọmọ Èkó dúró ní Heathrow ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní Johannesburg, inú báàgì rẹ̀ ló ti gbé e kúrò nílé. Torí náà, púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó dé Òṣòdì.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń san kí ni

Àdéhùn Chicago tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ọkọ̀ òfurufú ní 1944 ní àfikún kan, ìkẹsàn-án, tó sọ̀rọ̀ nípa èrò tí wọn ò gbà wọlé. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó gbé e wá ni yóò gbé e padà. Tó bá jẹ́ pé ìwé ẹni náà ni kò péye, iléeṣẹ́ ọkọ̀ yẹn náà ló ń ru owó ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá wà ní àhámọ́. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, ìjọba ibẹ̀ ló ń ru ú títí wọ́n á fi fà á lé ọkọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà má padà gba owó ìrìnnà yẹn lọ́wọ́ èrò. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá ní àbọ̀, àbọ̀ yẹn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò.

Ìjọba UK tún lè bu ìtanràn £2,000 lé iléeṣẹ́ ọkọ̀ lórí fún èrò kọ̀ọ̀kan tó bá gbé dé láìní ìwé tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní Ìkẹjà fi ń gbé pásípọ́ọ̀tù yín sókè sí iná bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe sí yín. Owó ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ti yín wá ńkọ́? Owó físà tẹ́ ẹ ti san ti lọ nìyẹn: $185 ni ti àbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà, €90 ni ti Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan ṣoṣo) láti June 2024, £127 ni UK gbé ti oṣù mẹ́fà sí ní April 2025. Ẹ fi owó hòtẹ́ẹ̀lì kún un, àti ọjọ́ iṣẹ́ tó bọ́, àti owó ìgbọ́kọ̀sí tí ẹni tó wá pàdé yín ń san ní wákàtí-wákàtí. Èyí tó wọ́n jù ò sí lórí rìsíìtì kankan: láti ọjọ́ náà lọ, fọ́ọ̀mù físà tẹ́ ẹ bá ń kún á máa bi yín bóyá wọ́n ti dá yín padà ní ibodè rí.

Nítorí náà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n jù. Kẹ́ ẹ sì fi owó tó tó wọkọ̀ padà sí Èkó sílẹ̀ nínú àkáǹtì kan tí káàdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

2. Fáìlì kan, ìwé gidi

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Bátìrì á kú, tàbí kí òṣìṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Computer Village ò jìnnà sí ẹ́pọ́ọ̀tù. Ẹ lọ tẹ gbogbo rẹ̀ jáde síbẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀, ibi tẹ́ ẹ máa dé sí, àkọsílẹ̀ báńkì, lẹ́tà ọ̀gá yín tó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń ṣe tiyín. Fún Schengen, ẹ mú ìwé ìnṣọ́ráǹsì dání, èyí tí kò gbọ̀dọ̀ dín ní €30,000. Nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń dúró dè yín, ẹ fi bíró kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ fi sápò.

Owó tó ṣàdédé wọ àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìnnà máa ń fa ìbéèrè. Bó bá ní orísun, ẹ mú ẹ̀rí orísun náà dání.

Ẹ̀yin àti lẹ́tà ìkésíni yín gbọ́dọ̀ jọ sọ ohun kan náà. Ọmọ àbúrò ìyá yín ló pè yín, àmọ́ ẹ dé ọ̀hún, ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín ni. Ní Èkó, kò sẹ́ni tó máa bi yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ á tẹ ẹni náà láago, á bi í pé kí lẹ jẹ́ síra yín, bí ìdáhùn ẹ̀yin méjèèjì ò bá dọ́gba, ó ti dirọ́ nìyẹn. Ẹ pè é bó ṣe jẹ́ gan-an. Bákan náà ni ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ò bá ti ìyá tó gbé e dání mu: ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, pẹ̀lú lẹ́tà àṣẹ látọ̀dọ̀ òbí tó kù.

Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Ní March 2012, Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti Johannesburg nítorí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yìí. Olúgbénga Ashiru, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, fárígá; Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará Gúúsù Áfíríkà padà, kí ọjọ́ mẹ́wàá sì tó pé, Gúúsù Áfíríkà ti tọrọ àforíjì. Ó dára, ṣùgbọ́n àforíjì ìjọba sí ìjọba kì í dá ọjà tí èèyàn fẹ́ lọ rà padà fún un. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnnà, lọ́wọ́ Port Health, ẹ̀ka ìlera ìjọba tó wà ní ibodè, kẹ́ ẹ sì rí i pé orúkọ orí káàdì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Láti July 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó "àtúnṣe" lọ́wọ́ yín.

Ìwé Olúwọlé, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀. Ẹni tí UK bá ká ayédèrú ìwé mọ́ lọ́wọ́ lè gbàgbé físà wọn fún ọdún 10.

3. Báàgì, owó àti fóònù

Ẹran ò wọ UK àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa: kìlíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ará ilé. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ tú gbogbo ẹrù yín, ibi tí wọ́n ti ń tú u ni wọ́n ti máa rí ohun mìíràn bi yín. Àpò tí aládùúgbò ní kẹ́ ẹ bá òun fi jíṣẹ́, ẹ tú u wò lójú rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ má gbà á. Bí owó ọwọ́ yín bá ju $10,000 lọ ní Amẹ́ríkà, tàbí tó bá tó €10,000 ní Yúróòpù tàbí £10,000 ní UK, ẹ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Gbígbé e kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, fífi í pa mọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́sẹ̀ lé e.

Fóònù ló wá le jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣí i fún àwọn, àlejò tó bá kọ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ìpadàsílé. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀rọ̀ tó lòdì sí físà. Ìyá tó gba físà àbẹ̀wò, tí ọmọ rẹ̀ wá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "Màmá, ẹ tètè máa bọ̀, owó kírẹ́ṣì ti fẹ́ pa wá, ẹ ó bá wa mú ọmọ fún oṣù mẹ́fà, a ó máa fún yín ní nǹkan," ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Òfin UK gba ìyá àgbà láyè láti wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún àkókò díẹ̀. Kò gbà kó wá di olùtọ́jú ọmọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́, nítorí fóònù tó mọ́ fónífóní náà máa ń mú ìfura wá. Ẹ kàn bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gba físà, kẹ́ ẹ sì rí i pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń lọ ṣe gan-an ni físà náà wà fún.

4. Ní káńtà Ìkẹjà

Ẹ tètè dé. Bí ọmọ káńtà bá rí àléébù, ẹ tẹ́tí sí i, nítorí ibi tó ti rí i ni ti ọ̀hún náà máa rí i. Àléébù tí wọ́n bá rí ní Ìkẹjà, owó táksí padà sílé ni yóò ná yín.

5. Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ hàn yín síbi àga

Òṣìṣẹ́ á gba pásípọ́ọ̀tù, á ní kẹ́ ẹ jókòó, á lọ. Ẹ má bínú, ẹ má sì fi ṣe àwàdà. Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù àti oògùn olóró kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má yọ owó sí ẹnikẹ́ni.

Bíró ni kẹ́ ẹ yọ. Àǹtí kan ládùúgbò wa ní Máfolúkù, tó ń ta léèsì, jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ẹ̀yìn ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀ ló ń kọ nǹkan sí: 7:10, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù, 8:40, wọ́n fún mi lómi, 11:05, onírùngbọ̀n bi mí nípa ọmọ mi. Nígbà tí ọ̀gá tó gba iṣẹ́ lọ́sàn-án dé, tó ní òun rò pé kò tíì pẹ́ níbẹ̀, àǹtí yí ìwé náà padà sí i. Ọ̀gá kà á, ó lọ, kò sì pẹ́ tó fi mú pásípọ́ọ̀tù náà bọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ nínú rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba bíró. Ẹ kọ àkókò, ẹ kọ ohun tí wọ́n bi yín, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tó wà láyà òṣìṣẹ́ bó bá ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè: "Ṣé ẹ ti dá mi dúró ni, àbí mo lè máa lọ? Kí ni ìdí rẹ̀?" Oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò, oyún, ẹ̀jẹ̀ ríru, oúnjẹ tí ẹ̀sìn yín ò gbà, ẹ sọ ọ́ ní kíákíá, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ wá kù. Ojú máa ń tì wá. Èèyàn tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré ní Yábàá á máa wò ó pé ìtìjú ni kóun ní òun fẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Èkó àti Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì lọ́nà ọ̀fun kì í ṣe ọ̀kan náà, ohun tẹ́ ẹ bá sì fi orí jíjù dáhùn á wọ inú ìwé. Wọ́n ní ògbufọ̀ Yorùbá tí wọ́n ń pè lórí fóònù. Ẹ béèrè, pàápàá bó bá jẹ́ màmá tàbí bàbá ló ń rìn. Kẹ́ ẹ sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n wo òṣìṣẹ́ náà lójú. Orí tá à ń tẹ̀ fún ọ̀wọ̀, ibòmíràn ni wọ́n ń gbé e sí níbẹ̀.

Ẹ fi gbólóhùn kíkún dáhùn. Bó bá bi yín pé ṣé ẹ ò wá ṣiṣẹ́, àwa á ní "yẹs", ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni, a ò wá ṣiṣẹ́. Òun á kọ ọ́ pé ẹ gbà pé iṣẹ́ lẹ wá ṣe. Ẹ sọ pé: "Mi ò wá ṣiṣẹ́. Mo wá kí ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo máa lò." Kẹ́ ẹ dákẹ́. Ohun tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀.

Bí ewu bá wà nílé tí ẹ̀rù ń bà yín lóòótọ́ láti padà sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, láìfi bò. Ẹ má hùmọ̀ rẹ̀ nítorí àtiwọlé.

6. Ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí

Kò sí ìwé tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí láìkà á, tàbí láìjẹ́ pé ògbufọ̀ kà á sí yín létí. Ẹ gba ẹ̀dà.

Ní UK, IS81 ni wọ́n ń fún èèyàn bí wọ́n bá ṣì fẹ́ bi í léèrè sí i. IS91R ló ń sọ ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Yàrá ìdádúró tó wà ní pápákọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi èèyàn sí kọjá wákàtí 24, àyàfi bí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ bá wà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè gbé yín lọ sí àgọ́ bíi Harmondsworth tàbí Colnbrook lẹ́gbẹ̀ẹ́ Heathrow, tí ẹnì kan ń ná ìjọba wọn ní ohun tó ju £100 lọ lóòjọ́. Ẹ lè béèrè béèlì lọ́wọ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ imigiréṣọ̀n, nígbàkigbà. Bí ọjọ́ mẹ́jọ bá ti kọjá lórí dídé yín, ẹ lè gbé e lọ síwájú adájọ́ tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ imigiréṣọ̀n.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ẹni tí wọn ò gbà wọlé gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù kan tó sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn ò ní dá ọkọ̀ ìpadàsílé dúró.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, ẹ fara balẹ̀ sí i. Lẹ́nu ibodè wọn, àlejò ò ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò nígbà ìbéèrè, àyàfi bí wọ́n bá ti ń wádìí rẹ̀ lórí ọ̀ràn dídá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà dá yín padà. Ọ̀kan ni ìlélọ kíákíá, tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 5 ó kéré tán. Ìkejì ni kí wọ́n gbà kẹ́ ẹ fúnra yín fa ìbéèrè ìwọlé yín sẹ́yìn, lórí fọ́ọ̀mù I-275. Wọ́n sábà máa ń fagi lé físà náà, àmọ́ kò sí ọdún 5 nínú tirẹ̀. Ọwọ́ wọn ni àṣẹ wà, ṣùgbọ́n béèrè ò lówó nínú: ẹ ní ẹ fẹ́ fà á sẹ́yìn. Ìjẹ́rìí tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ látẹnu yín, ẹ kà á lójú ìwé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

7. Ẹni tẹ́ ẹ máa pè

Àdéhùn Vienna ti 1963 ló fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé nílẹ̀ àjèjì lè ní kí wọ́n fi tó aṣojú orílẹ̀-èdè òun létí. Ẹ béèrè fún un. Ẹni tó wà ní Èkó náà lè kọ̀wé sí NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí máa gba ìpè. Bí ẹni márùn-ún bá ń pe imigiréṣọ̀n, ìtàn márùn-ún ni wọ́n máa sọ.

8. Bí wọ́n bá dá yín padà sí Ìkẹjà

Wọ́n sábà máa ń fi pásípọ́ọ̀tù yín sínú àpòòwé fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, wọ́n á sì fà á lé imigiréṣọ̀n lọ́wọ́ ní Ìkẹjà. Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní ẹ ò ní wọlé: abala 41 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Nàìjíríà, a ò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ fún un láti wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ san nǹkan kẹ́ ẹ tó gba pásípọ́ọ̀tù, ẹ ní kó já rìsíìtì.

Bó bá jẹ́ àlejò yín ló ń bọ̀ wá bá yín l'Ékòó tí wọ́n sì tì í mọ́lé, abala 35 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìbófin mu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti àforíjì ní gbangba. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí ni agbẹjọ́rò máa ń gbé irú rẹ̀ lọ.

9. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó yín padà

Ní October 2024, Super Eagles ń lọ bá Líbíyà gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n darí ọkọ̀ wọn gba Al-Abraq dípò Benghazi, wọ́n sì há mọ́ pápákọ̀ náà fún ohun tó ju wákàtí 12 lọ. Fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù tó na ara sórí àga ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fún Nàìjíríà ní àmì-ayò 3-0, wọ́n sì ní kí Líbíyà san $50,000. Ẹ̀yin ò ní CAF, ṣùgbọ́n ẹ ní ìwé tẹ́ ẹ fi bíró kọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá dé, ẹ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ nígbà tó ṣì tutù lọ́kàn yín, pẹ̀lú gbogbo rìsíìtì. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ nípa apá tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ò lò, kẹ́ ẹ tó kọ sí hòtẹ́ẹ̀lì àti ìnṣọ́ráǹsì. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ráǹsì kì í san ti ìwọlé tí wọ́n kọ̀, àmọ́ ẹ ka tiyín. Fún àtìmọ́lé tí kò bófin mu, UK fún èèyàn ní ọdún 6 láti pẹjọ́ owó. Amẹ́ríkà fún un ní ọdún 2 láti kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó sọ́wọ́ àjọ tó ṣe é. Ní Schengen, ẹni tó bá jàre ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀, tàbí òǹtẹ̀ tí wọ́n fagi lé nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ṣe, yàtọ̀ sí owó tí òfin orílẹ̀-èdè náà bá là sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá tún ń gba físà, tẹ́ ẹ dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ fún yín láti wọlé rí, ẹ mú "bẹ́ẹ̀ ni". Kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ náà, ìlú náà, àti ìdí tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ sì so ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ọn.